Ìdáhùn Tó Pẹ́ Dé

Ìbídùn gbá ọmọ ayò jọ nínú ilé kẹta, ó fọ́n wọn yí ọpọ́n tó wà lójú dígí kọ̀ǹpútà ká, ó wá gbé ọwọ́ lé itan, ó ń retí ìyá rẹ̀. Gílóòbù kékeré tó wà lókè dígí náà tàn, ó ní àwọ̀ ewé. Ó tàn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ṣú, ó sì pọ́n. Ìgbà tó pọ́n tán pátápátá ni ọmọ ayò ìhà kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, tí ó rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ wọ ìhà ti Ìbídùn, tí ó sì jẹ ohun tó bá níbẹ̀.

"Ó tún ti pọ́n," ni Ìbídùn wí.

Bọ̀ọ̀dá Ṣóbándé tó dojú bolẹ̀ sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu kò lè fèsì. Ó kàn hùn ni. Òun ni gbogbo àdúgbò Ìta-Àpáta máa ń ránṣẹ́ pè bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà láti yàrá kan sí èkejì, kò sì sí ilé tó wọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ bú ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ọ̀bùn wo ló fa wáyà yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá. Ìgbà òjò tó kọjá."

Ó wo wáyà náà dáadáa. "Hẹn. Mo ń kánjú lọ́jọ́ yẹn ni."

Ní ọjọ́ mìíràn, Ìbídùn ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òní ni olùyẹ̀wò láti Ilé-Iṣẹ́ Ìdáhùn ń bọ̀, ọ̀ọ́kán fèrèsé sì ni ilé Bàbá Ṣẹ́gilọ́lá wà. Fìlà wáyà tí bàbá náà fi ń sọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà wọn, eruku ti bò ó. Àwọn tó wá gbé bàbá lọ sí Ilé Ìdákẹ́ ló bọ́ ọ kúrò lórí rẹ̀ tí wọ́n fi í lé Ṣẹ́gilọ́lá lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ pàápàá, torí pé níbi tí wọ́n ń gbé e lọ, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ gbọ́ ohun tí arúgbó ní í sọ. Wọ́n ní omi àti iná ìlú kò tó fún ẹni tí iyè rẹ̀ kò sí nílé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ̀ ló ń mí sí. Ayò sì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nílé. Tí wọ́n bá ta sí ọ, kí o ta padà kí gílóòbù tó pọ́n.

Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ilé wọn sí. Ìgbà tí òkun gba Èkó tí àwọn èèyàn ń gun òkè wá sí Abẹ́òkúta, tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò gbà wọ́n mọ́, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu òkúta, tí wọ́n ń fi yàrá sí inú rẹ̀. Ó tutù lásìkò ooru, ṣùgbọ́n ògiri tó wà láàárín yàrá ìyá Ìbídùn àti pálọ̀ nípọn débi pé bí ènìyàn bá pariwo ní ìhín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò ní gbọ́ ju kíkùn lọ. Ní inú yàrá yẹn ni ìyá náà dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀gbà ti mú ọwọ́ rẹ̀, ó mú ẹsẹ̀, ó mú ahọ́n, níkẹyìn ó sì gba ojú. Ohun tó kù fún un ni etí, àti gèlè. Gèlè ni àwọn obìnrin ń pe fìlà wáyà náà. Kò sí obìnrin tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun dé fìlà. Ohunkóhun tí ìyá bá rò láti sọ, tàbí láti ta lórí ọpọ́n, gèlè á gbé e fún kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kọ̀ǹpútà yẹn á sì tì í gba inú àpáta wá sínú kọ̀ǹpútà pálọ̀. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, ohùn rẹ̀ gan-an, bó ṣe rí kí ẹ̀gbà tó dé.

Ohun tó sì ń dun Ìbídùn jù ni pé láti àárọ̀, ìyá rẹ̀ kò tíì ta ayò kan tó burú. Orí rẹ̀ pé ṣáṣá. Ó kàn ń pẹ́ dé ni.

Bọ̀ọ̀dá Ṣóbándé ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó kọ́kọ́ sọ pé wáyà ti gbó, pé àpáta ń jẹ ẹ́, ó sì fi tuntun sí i. Gílóòbù pọ́n. Ó ní àwòrán ọpọ́n ti mọ́lẹ̀ jù, ó ń wúwo lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ di játijàti débi pé ọmọ ayò rí bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Gílóòbù pọ́n. Ó ní kí Ìbídùn pa fíríìjì, kí ó pa ẹ̀rọ omi, kí ó lọ bẹ aládùúgbò òkè pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ dẹ́kun géèmù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn láti yàrá dé yàrá. Àwọn ọmọ náà dákẹ́, ṣùgbọ́n gílóòbù ò tìtorí ìyẹn má pọ́n.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Ṣóbándé wí. Ó mú bọ́tìnnì ọwọ́ kan tí àwọn ọmọ fi ń ta géèmù, ó wọ inú yàrá lọ, ó sì tì í mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ó pariwo láti ibẹ̀ pé kí Ìbídùn ta.

Ìbídùn ta. Kò tíì mú ọwọ́ kúrò tí ọmọ ayò ìhà kejì ti dìde. Ó tún ta, ó tún yá bẹ́ẹ̀. Ayò tí Ṣóbándé ń ta kò dára rárá, òpè gbáà ni, ṣùgbọ́n gílóòbù kò fi ìgbà kankan kúrò ní àwọ̀ ewé.

Nígbà tó padà dé pálọ̀, kò jókòó. Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Ìbídùn, ọ̀nà mọ́. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà."

"Kí ló wá ń fà á?"

"Màmá ni."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò sọ pé wọn ò sí nílé. Ìwọ náà wò ó. Bó bá ti pọ́n, àpótí ìjọba tó gbé gílóòbù yìí dání máa ń tún un dún sí wọn létí lẹ́ẹ̀kejì, láti ta wọ́n lólobó pé àkókò ti lọ. Bó bá ti dún lẹ́ẹ̀kejì báyìí ni wọ́n ń ta. Wọn kì í pẹ́ rárá nígbà yẹn. Àkọ́kọ́ ni wọn kì í jẹ́."

Ìbídùn wò ó. Nǹkan kan ti ń yí nínú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó fa ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ tó ń gbé ohùn dé etí ìyá sọ́dọ̀, ó pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pa ẹnu mọ́.

"Màámi."

Kò sí ìró. Ó dúró títí omi fi lé sí i lójú.

"Màámi."

"Hẹn, Ìbídùn," ni ohùn náà dáhùn láti inú kọ̀ǹpútà, wàràwàrà. "Ṣé o ti jẹun?"

Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ìyá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Ìbídùn máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, á ní obìnrin yìí, Olúwa fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà láti kú. Gbogbo ilé ti mọ́ ọn lára débi pé wọn kò rí i mọ́, Ìbídùn sì ti lo gbogbo òwúrọ̀ lórí wáyà.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Kí ni mo kọ́ ọ? Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò rí ojú ẹni tó pè ọ́, dákẹ́. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, á tún pè."

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo ń bá yín ta ayò."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Inú òkùnkùn ni mo wà níbí. Nǹkan á kàn dún sí mi létí lójijì, mi ò rí ojú, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀. Mo ní láti dúró kí n mọ̀ bóyá èèyàn ni."

"Èèyàn ni, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́. Lónìí nìkan, bó bá ti dún, ẹ dáhùn."

Bọ̀ọ̀dá Ṣóbándé yíjú sí ojú fèrèsé bí ẹni pé ó ń ka àwọn ilé ọ̀ọ́kán.

"O kò mọ Àrìnpé," ni ìyá wí níkẹyìn. "Wọn ò tíì bí ọ. Àbúrò mi ni. Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó lẹ́yìnkùlé, à ń ṣá ẹ̀gúsí, lọ́sàn-án gangan. Ẹnì kan pe orúkọ wa láti ẹ̀yìn ògiri. Èmi náà ti la ẹnu, Ìbídùn. Mo ti la ẹnu. Ó kàn yára jù mí lọ ni. Ó ní, 'Hẹn.' A yọjú, a ò rí ẹnikẹ́ni. Ibà mú un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ò mọ́ bá a."

Ìbídùn fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Màá gbìyànjú," ni ìyá wí. "Nítorí tìẹ."

Ó sì gbìyànjú. Ìbídùn ta, gílóòbù tàn, ó ṣú, ó pọ́n. Wọ́n tún dán an wò. Ó tún pọ́n. Nígbà tí wọ́n dán an wò sí i, ìyá ti ń sọ̀rọ̀ kí ayò tó dìde pàápàá: "Mo ti sọ fún ara mi pé kí n dáhùn. Ọkàn mi ló kọ̀. Ó ti wọ̀ mí lára jù, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ ò lè jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì léraléra?" ni Ìbídùn bi Ṣóbándé. "Kí ó dún, kí ó tún dún, kí gílóòbù tó mọ̀?"

"Inú àpótí ìjọba ni agogo yẹn wà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe arúgbó nìkan ni wọ́n máa gbé." Ó tún ń nu ọwọ́.

Ọ̀sán gangan ni olùyẹ̀wò dé, bí ẹni pé wọ́n sọ ìtàn Àrìnpé fún un tí ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyáàfin Ọ̀ṣínúsì ni orúkọ rẹ̀, obìnrin sísanra kan tí òkè Ìta-Àpáta ti gba èémí lẹ́nu rẹ̀, tó gbé àpótí àyẹ̀wò rẹ̀ kọ́ èjìká bí ẹni gbé ọmọ. Ó kí wọn kú ọ̀sán, ó kí Ìbídùn kú ìtọ́jú Màmá, ó sì tọrọ omi. Ìbídùn ti ń retí ìkà ènìyàn láti àárọ̀. Ó ṣòro fún un láti kórìíra ẹni tó ń fi etí ìborùn nu òógùn.

Wọ́n ta ayò àkọ́kọ́. Ó pọ́n. Wọ́n ta èkejì. Ó pọ́n. Ìyáàfin Ọ̀ṣínúsì mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Ìbídùn wí, ó kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìpè àkọ́kọ́, ìpè kejì, Àrìnpé, ẹ̀gúsí. Ó sọ ọ́ láìdúró mí. Obìnrin náà gbé ife sílẹ̀, ó sì gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ìyá tèmi náà ò jẹ́ kí a dáhùn," ni ó wí. "Títí dòní, bí wọ́n bá pè mí lẹ́yìn, ọkàn mi á kọ́kọ́ já ná. Mo gbọ́ yín, àǹtí. Àpótí yìí ni kò gbọ́. Kò sí ibi tí mo fẹ́ kọ ọ́ sí nínú rẹ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

Ìyáàfin Ọ̀ṣínúsì wo kọ̀ǹpútà, ó sì wo Ṣóbándé. "Ṣé kò sí Aṣáájú nínú èyí ni?"

Ṣóbándé wolẹ̀. Ìbídùn rí i pé ó ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé láti àárọ̀ ló ti mọ̀, tí kò fẹ́ kó ti ẹnu òun jáde.

"Bọ̀ọ̀dá?"

"Ti àwọn ọmọ onígéèmù ni," ni ó wí. "Nígbà tí ọ̀nà ń fà, tí ó ń bí àwọn ọmọ nínú, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fi nǹkan kan sínú rẹ̀ tí yóò máa wo ọwọ́ èèyàn. Bó bá ti mọ ọwọ́ rẹ, á máa ta síwájú fún ọ kí tìrẹ tó dé. Ó ti ń wo ọwọ́ Màmá láti ọjọ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀. Ó mọ ayò wọn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa."

"Bí tiwọn gan-an bá wá dé ńkọ́?"

"Èyí tó pẹ́ dé, á dà á nù. Iná yẹ́lò kan wà níbí." Ó fi ìka kan ara kọ̀ǹpútà. "Bó bá ti da nǹkan nù, á ṣẹ́jú."

"Tí Ìyáàfin bá ti lọ, a ó pa á," ni Ìbídùn sọ fún un.

"Màá fi èdìdì dì í kí n tó lọ," ni Ìyáàfin Ọ̀ṣínúsì wí, kò sì wo ojú rẹ̀. "Bí mo ṣe fi ilé sílẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ tún bá a. Ilé tí a bá ti bá èdìdì tó já, a kì í ta ayò níbẹ̀ mọ́. A máa gbé wọn ni."

"Ilé tó pọ̀ ha tan án bí, mà?"

"Ẹ bi mí léèrè ilé tí wọn ò tíì tan án."

Ìbídùn dìde. Ó ní òun ń bọ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ọwọ́ tó fẹ́lẹ́ tó sì gbóná díẹ̀. Ó fẹ́ bi í. Ó yẹ kó bi í. Tirẹ̀ ni ẹnu náà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ní rárá ńkọ́? Ta ni yóò lọ sí ẹnu ọ̀nà lọ gba gèlè lọ́wọ́ wọn?

"Màámi," ni ó wí sí i létí. "Màámi."

Láti pálọ̀, gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ni ohùn náà ti wá. "Ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọ́n ti dé. Kò sí nǹkan kan. Ẹ fara balẹ̀."

"Má jẹ́ kí wọ́n bọ́ gèlè mi o, Ìbídùn."

"Wọn ò ní bọ́ ọ."

"Bí wọ́n bá lọ tán, wá jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi."

"Màá wá," ni Ìbídùn wí. Ó padà sí pálọ̀, ó sì ní kí Ṣóbándé tan án.

Ayò kẹta yá. Ìkẹrin yá jù ú lọ. Ìbídùn ń ta, òmíràn ń ta padà, gílóòbù náà dúró ní àwọ̀ ewé bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́. Ó ń kó ọmọ pamọ́ sílé ìkẹyìn bí ìyá ṣe ń ṣe, ó ń fi díẹ̀ tan ọ̀tá jẹ, ó tilẹ̀ fi ohùn ìyá sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì mọ ayò ta síbẹ̀." Iná yẹ́lò ń ṣẹ́jú bí ayò ṣe ń dún tẹ̀lé ara wọn, torí pé ìyá ń gba ìró èyí tó tẹ̀lé e bí ìpè kejì; ìgbà tí ayò tán ló dákẹ́. Ìyáàfin Ọ̀ṣínúsì kò wo ibẹ̀ rárá. Ó lẹ èdìdì pupa mọ́ ara kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó ní Ọlọ́run yóò túbọ̀ dá Màmá sí. Ó sì gbé àpótí rẹ̀ kọ́ èjìká, ilé mìíràn ṣì kù lójú ọ̀nà rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ṣóbándé ká wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Wọ́n ṣì wà nílé ṣá," ó dúró bí ẹni pé ó ń retí pé kí Ìbídùn gbà fún òun. Ìbídùn tẹjú mọ́ èdìdì, Ṣóbándé sì lọ.

Ìbídùn jókòó síwájú dígí. Ó fa ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ sọ́dọ̀.

"Màámi."

"Hẹn, Ìbídùn ọmọ mi," ni ohùn náà wí lójú ẹsẹ̀.

Ohùn ìyá rẹ̀ ni, dídùn rẹ̀ àti híha rẹ̀, kò sì sí ìgbà kan ní gbogbo ayé rẹ̀ tí ìyá yẹn dá a lóhùn báyìí. Ó wo iná yẹ́lò. Ó ṣókùnkùn. Ìyá rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn, ó ti gbọ́, ó sì ń dúró kí ó mọ̀ bóyá èèyàn ni.

Ó ṣe é bí ẹni pé kó má pè é mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí.

"Màámi," ni ó pè lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo ń gbọ́ ọ o," ni ohùn náà wí.

Iná yẹ́lò ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà kò dáwọ́ dúró mọ́. Ó ń ṣẹ́jú léraléra, á dúró díẹ̀, á tún máa bá a lọ, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó sì ń sinmi láàárín rẹ̀. Ìbídùn dìde, ó sáré wọ yàrá, ó di ọwọ́ náà mú, ó padà sáré sí pálọ̀, kò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí kí òun lè gbọ́. Kò síbì kankan. Ó kúnlẹ̀ síwájú iná náà, ó ń wò ó, kò sì mọ èyí tó jẹ́ orúkọ òun nínú rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" ni ohùn inú kọ̀ǹpútà bi í.

Iná náà ṣì ń ṣẹ́jú.